Náílọ́ọ̀nù Ẹgbẹ̀rún Márùn-ún àti Orúkọ Tí Kì í Ṣe Tèmi

Náílọ́ọ̀nù náà ṣì wà nínú yàrá tí à ń kó gbodo sí. Ó ku bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi ti fi lára rẹ̀ bo ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wọn, a sì ń fi òmíràn da ilẹ̀ nù. Bí àlejò bá wọlé tó rí i, á ní, "Ṣé ẹ ò ta èlùbọ́ mọ́ ni?" Mò ń tà á. Orúkọ tó wà lára náílọ́ọ̀nù yẹn ni mi ò tà mọ́.

Láàárín oṣù tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́ta ló pè mí. Ọ̀kan ń ṣe ọṣẹ dúdú, ọ̀kan ń di kaṣú, ẹnì kẹta ń fún omi máńgòrò sínú ike. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fúnra mi ṣe tírédímáàkì yìí ni, àbí kí n wá lọ́yà?" Tírédímáàkì ni orúkọ tàbí àmì ọjà tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé ti oníṣòwò kan ni. Orí fóònù ò gba ìdáhùn ìbéèrè wọn. Ni mo bá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tó ń tì mí lójú.

Èlùbọ́ ni iṣẹ́ ilé wa. Ọjà Jagun ni Màámi ti tà á, láti ayé tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ò ní bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ èlùbọ́. Oríkì wa ti sọ ọ́: Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Màámi lẹ́nu, mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Mo ra ẹ̀rọ ìlọta kékeré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í di èlùbọ́ iṣu àti láfún ní kílò kan àti kílò méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé Under-G ló kọ́kọ́ ń rà á. Wọn ò fẹ́ kóńgò, wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè sọ sínú báàgì gbé lọ sílé.

Ó yẹ kí ọjà náà lórúkọ. Mi ò ronú tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní Ajílété ni yóò máa jẹ́. Ta ni yóò gbọ́ Ajílété tí kò ní mọ ibi tí èlùbọ́ náà ti wá?

(Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú orúkọ náà gan-an ló padà dá mi dúró.)

Mo lọ forúkọ okòwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é lórí fóònù, láìsí lọ́yà, láìsí alágbàṣe kankan. Nígbà tí ìwé náà jáde, mo gbé e sínú férémù, mo fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbà pé kò sí ìwé ìjọba tí mi ò lè ṣe mọ́. Ẹlòmíràn gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí: ìwé CAC ń sọ ẹni tó ń ṣòwò àti orúkọ tó fi ń ṣe é. Kò fún yín láṣẹ láti dá ẹlòmíràn dúró pé kó má fi orúkọ yẹn sára ọjà tirẹ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ìyẹn, ọ́fíìsì ọ̀tọ̀ ló ń fún ni, Àbújá ló sì wà, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti òwò. Mi ò mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń tà á tí mi ò mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló ti Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kan, ó gbé èlùbọ́ kílò kan kalẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò sọ fún wa pé ọjà yín ti dé Bódìjà." Mo wò ó. Ajílété ló wà lára rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù náà dára ju tèmi lọ. Nọ́ńbà fóònù wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò tíì mú omi wá fún ọmọ náà tí mo fi pe nọ́ńbà yẹn.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Èmi ni mo ni Ajílété."

"Ẹ ni kí ni?"

"Èlùbọ́ Ajílété. Mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba."

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ibo ni yín?"

"Ògbómọ̀ṣọ́."

"Èmi náà ńkọ́? Ilé bàbá mi ò jìnnà sí ààfin Ṣọ̀ún. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá ni oríkì gbogbo wa?" Ó ní kí n bá òun kí àwọn ará ilé, ó sì pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi jẹun dáadáa. Nígbà tí mo sọ fún Màámi, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní, "Òótọ́ ló kúkú sọ." Inú bí mi sí àwọn náà.

Aládùúgbò wa kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ló kọ́kọ́ dárúkọ tírédímáàkì fún mi. Mo ní ó dáa, èmi tí mo ṣe CAC, màá ṣe èyí náà. Òru ni mo fi ń kà nípa rẹ̀. Mo kà pé òfin rẹ̀ ti wà láti 1965. Mo kà pé kíláàsì 45 ni wọ́n pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ ayé sí, 34 fún ọjà, 11 fún iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún ẹlòmíràn, àti pé ní Nàìjíríà, kíláàsì kan, ìwé ìbéèrè kan. Mo kà pé wọ́n máa ń tẹ orúkọ náà sínú jọ́nà, ìyẹn ìwé ìkéde tírédímáàkì, kí gbogbo ayé lè rí i kí wọ́n tó fún èèyàn ní sàtífíkéètì. Gbogbo ohun tí mo kà ló tọ̀nà. Mo mọ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ìbéèrè kan ṣoṣo tí mi ò bi ara mi, pé ṣé orúkọ tí mo gbé lọ́wọ́ yìí ṣeé gbà fún ẹnì kan?

Nígbà tí mo dé orí ìkànnì, mo rí i pé àwọn aṣojú tí wọ́n fọwọ́ sí, tó ti ní àkáǹtì tiwọn, ló sábà máa ń fi ìwé ránṣẹ́. Mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin kan tó ní káfé, tó máa ń bá mi tẹ ìwé. Ó ní òun ní ẹni tó ní àkáǹtì, pé ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì náírà ni kí n mú wá. Mo jókòó tì í. Mo pè é ní "ṣíṣe é fúnra mi" torí pé èmi ni mò ń sọ ohun tí yóò tẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí a fi ṣe é tán. Nínú wákàtí yẹn, a ṣe àṣìṣe mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó fura nínú wa.

Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò. Ó tẹ "Ajilete" sínú àpótí ìwádìí lẹ́ẹ̀kan, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Mọ́mì, ẹnikẹ́ni ò ní i! Ó ti wọlé!" Mo pàtẹ́wọ́.

Èkejì ni kíláàsì. Ó bi mí pé kí ni mò ń tà. Mo ní èlùbọ́. Ó ní kí ni wọ́n fi ń ṣe é. Mo ní iṣu àti pákí. Ó ní oko ni ìyẹn ti wá, a sì mú kíláàsì 31, níbi tí àwọn ohun ọ̀gbìn tútù tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe nǹkan kan sí wà. Ẹ wo èmi tí mo mọ̀ bí a ṣe ń bó iṣu, bí a ṣe ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kó sùn mọ́jú, bí a ṣe ń sá a títí yóò fi di gbodo, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, tí a ń jọ̀ ọ́. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, mo fi sábẹ́ "ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan sí". Ìyẹ̀fun ni èlùbọ́. Kíláàsì 30 ni ìyẹ̀fun wà.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, òun ló sì kéré jù lójú. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì mi. Ọmọ náà ní kò sí wàhálà, ó fi ímeèlì tirẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tẹ ìwé kan fún mi. Orúkọ Ajílété wà lára rẹ̀, nọ́ńbà wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba wà lókè. Mo sunkún ayọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin Bódìjà. "Ẹ kú oríire" nìkan ló fi dáhùn. Ní ọjọ́ Àìkú, mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo se àmàlà fún àwọn akọrin. Pásítọ̀ gbàdúrà sórí ìwé náà.

Ìwé pé a ti rí ìbéèrè yín gbà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbà tí ẹ san owó fọ́ọ̀mù JAMB tí wọ́n fún yín ní rìsíìtì, tí ẹ wá ń jó pé ẹ ti wọ yunifásítì. Ìwé kejì ló ń sọ bóyá wọ́n gba orúkọ náà tàbí wọn ò gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn ni jọ́nà. Lẹ́yìn jọ́nà ni sàtífíkéètì.

Àmọ́ èmi ti ní ìwé, torí náà mo lọ bá onítẹ̀wé. Sítíkà ni mo ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kó tẹ náílọ́ọ̀nù gidi, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, aláwọ̀ mẹ́ta. Onítẹ̀wé bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí a fi lẹ́tà R inú òrùka sí i nígbà náà, pé òun ló ń jẹ́ kí ọjà dà bíi ti ilé-iṣẹ́ ńlá. Mo ní kó fi sí i, kó sì jẹ́ kó hàn dáadáa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦185,000. Owó àjọ ni mo fi san án.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Mo lọ sí káfé, ó tì pa. Ọmọkùnrin náà ti já pa. Mi ò bínú sí i, ọ̀nà ló là fún un. Ṣùgbọ́n ímeèlì rẹ̀ bá a lọ. Àbúrò rẹ̀ ló bá mi bẹ̀ ẹ́, ó wá inú ímeèlì náà, ó sì rí lẹ́tà tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Kò gùn. Wọn ò gba orúkọ náà. Orúkọ ibùgbé ni, kò sì ní ohun tó fi yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà ẹnì kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Tákíè dé ilé. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ obìnrin Bódìjà ni lẹ́tà náà tún sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo wá gbà pé ó kan lọ́yà. Lọ́yà kan wà ládùúgbò wa, àgbàlagbà, tí gbogbo ìlú mọ̀. Mo kó ìwé mi lọ bá wọn. Wọ́n kà á, wọ́n yọ awò ojú wọn. "Ìyáàfin, ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo mọ̀. Bí mo bá gba owó yín, owó yín ni màá fi máa kọ́ṣẹ́." Mo ṣì máa ń ṣàdúrà fún bàbá yẹn. Ẹlòmíràn ì bá gbà á. Àwa oníṣòwò máa ń rò pé lọ́yà ni lọ́yà ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an mọ̀ pé ẹni tó mọ gbodo dáadáa lè má mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ láfún. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ orúkọ àti àmì ọjà ló ń ṣe.

Ọjọ́ tí mo lọ, mo ti ro ohun tí yóò ṣe: yóò ṣí kọ̀ǹpútà, yóò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ju ọmọ káfé lọ, ọ̀rọ̀ yóò parí. Kò tiẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó ń bi mí ní ìbéèrè.

"Mà, kí ni Ajílété?"

"Oríkì ìlú wa ni."

"Ṣé ìlú kankan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o."

Ó wá mú fóònù rẹ̀, ó fi máàpù hàn mí. Ajilete wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn èèyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní ọjà, wọ́n ní ilé-ìwé. Mo fẹ́ sọ fún un pé ohùn tí wọ́n fi ń pè é lè yàtọ̀. Ó ní ẹni tó wà ní Àbújá ò rí àmì ohùn, lẹ́tà ABD lásán ló ń rí.

Ó ní ìlú náà ì bá má tiẹ̀ sí, wàhálà ṣì wà. Òfin fẹ́ kí àmì ọjà jẹ́ ohun tó ń tọ́ka sí oníṣòwò kan láàárín àwọn oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ṣẹ̀dá látinú orí ara rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà dára, bí kò bá ti sọ nípa ọjà náà tààrà, tí kì í ṣe orúkọ ibi kan, tí kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ó ní kí n dárúkọ òmíràn tí mo bá ní lọ́kàn. Mo ní "Ó Ń Fà." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin mà, ṣé ti ẹlòmíràn kì í fà ni? Ẹ ò lè ti ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lé kí àwọn tó kù má lè fi yin èlùbọ́ wọn." Mo ní "Funfun Bálau" fún láfún ńkọ́? Kò dáhùn, ó kàn wò mí.

Mo bi í bóyá a ò lè bá wọn jiyàn lórí Ajílété. Ó ní a lè gbìyànjú. Bí mo bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo ní ẹ̀rí pé bí aráyé bá ti gbọ́ Ajílété, èlùbọ́ tèmi ni wọ́n ń rò, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Mo lè gbà á pẹ̀lú àwòrán, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó yí ọkàn mi padà: "Bí ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, ìyá Bódìjà á ṣì máa kọ Ajílété. Ẹ ó ti náwó tán, ẹ ó sì wà níbi tí ẹ wà."

Nígbà tí mo ń kó ẹrù mi jọ ló rí náílọ́ọ̀nù lára ohun tí mo gbé wá. Ó fi ìka sórí R inú òrùka. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí èèyàn sọ pé òun ti forúkọ àmì sílẹ̀ nígbà tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan kan sí i kí sàtífíkéètì tó jáde, kí n fi TM kékeré sí i, ìyẹn ò pa irọ́ kankan. Mo gbìyànjú láti fi sítíkà bo R náà nígbà tí mo délé. Lẹ́yìn bí igba, ọwọ́ mi bó, mo fi í sílẹ̀. Bí náílọ́ọ̀nù ṣe di ohun tí à ń da ilẹ̀ nù nìyẹn.

Mo sunkún nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Láti Ọ̀yọ́ dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sẹ́yìn ìwé.

Mẹ́tàlélógún ni a kọ nínú ilé wa. Màámi dá sí i, àwọn ọmọ dá sí i, ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ dá sí i. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè bá yín ṣe nìyí, owó lọ́yà kankan ò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó yọ méjìdínlógún sọnù lọ́jọ́ kan náà. Nínú márùn-ún tó kù, ọ̀kan dùn mọ́ mi gan-an. Ó ṣàyẹ̀wò, ó ní rárá, ẹnì kan ti fi orúkọ tó jọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìyẹ̀fun ìrẹsì.

Mo wò ó. "Ṣùgbọ́n tiwọn ní h nínú."

"Etí ò gbọ́ h yẹn, mà."

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ó kan gbogbo ẹni tó fẹ́ fi èdè Yorùbá pe ọjà rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á wo bí orúkọ méjì ṣe jọra lójú, bí wọ́n ṣe dún létí, àti ohun tí wọ́n ń sọ síni lọ́kàn. Àwa sì ń kọ èdè wa lóríṣiríṣi lórí páálí ọjà. Ẹnì kan á kọ S, ẹnì kan á kọ SH. Ẹnì kan á fi H sẹ́yìn A, ẹlòmíràn á kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì kó lè rẹwà. Láìsí àmì ohùn, ọkà tí à ń jẹ àti ọká tó ń buni ṣán di OKA kan náà. Nítorí náà, bí ẹ bá tẹ orúkọ yín sínú àpótí ìwádìí lẹ́ẹ̀kan tí kò mú nǹkan wá, ẹ ò tíì ṣàyẹ̀wò. Ọmọbìnrin yẹn kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà méje tàbí mẹ́jọ. Kíláàsì 30 nìkan kọ́ ló wò, ó wo 29 àti 31, torí pé ọjà tó súnmọ́ra lè dá wàhálà sílẹ̀ láti kíláàsì kan sí èkejì.

Orúkọ ẹyẹ kan ni a wá fẹnu kò sí. Ẹyẹ náà ò jẹ èlùbọ́, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú iṣu. Ìyẹn gan-an ló dára nínú rẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí ẹ má baà ní mò ń polówó.

Mo fẹ́ kí àwòrán Màámi wà lára àmì náà. Lọ́yà ní kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà nìkan sílẹ̀, láìsí àwòrán, láìsí àwọ̀, kó lè jẹ́ pé bí mo bá yí náílọ́ọ̀nù padà lọ́dún mẹ́ta sí i, orúkọ á ṣì wà lábẹ́ ààbò. Ó ní òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 tiẹ̀ ti fi ìrísí ọjà, bí a ṣe dì í àti àpapọ̀ àwọ̀ kún ohun tó lè jẹ́ àmì, ṣùgbọ́n àmì kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó tirẹ̀, kí n má ì tíì lépa ìyẹn. Mo gbọ́ràn.

₦120,000 ni gbogbo owó tó gbà, owó ìjọba wà nínú rẹ̀. Mo ti ná ju ìyẹn lọ lórí náílọ́ọ̀nù nìkan.

Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ dúdú bi mí pé, "Ṣé kíkún fọ́ọ̀mù ló wọ́n tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá, ọmọ káfé kún fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ méjì tí ọmọbìnrin yẹn fi ń sọ pé "rárá" fún mi ni mo sanwó fún. Bí owó yín ò bá tó ohun gbogbo, ẹ san owó àyẹ̀wò àti ìmọ̀ràn lórí orúkọ nìkan, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Mo ti rí àwọn lọ́yà tó ń gba ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ mélòó rí. Ẹ bi wọ́n kíláàsì wo ni ọjà yín máa wà, kí ẹ gbọ́ bí wọ́n á ṣe dáhùn. Lọ́yà kan tí mo bi lórí fóònù kí n tó lọ Ìbàdàn ní kí n "mú gbogbo rẹ̀", pé kó lè lágbára. Gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Kíláàsì 43 ni ilé oúnjẹ wà, mi ò sì ní búkà. Àmì tí ẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ò lò fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Bó ti wù kó rí, kí ímeèlì yín wà lórí ìwé náà, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí orúkọ ẹni tó ni àmì náà sì jẹ́ tiyín gan-an, bó ṣe wà nínú ìwé CAC, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ìwé pé wọ́n rí ìbéèrè yín gbà, ẹ má sọ ọ́ nù o. NAFDAC náà á béèrè ìwé tírédímáàkì lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ forúkọ oúnjẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ìwé ìbéèrè mi kejì lọ. Ìwé pé wọ́n rí i gbà dé, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ìwé pé wọ́n gbà á dé, mo sọ fún Màámi nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ni dídúró de jọ́nà, ó sì pẹ́. Nígbà tó jáde, oṣù méjì ni wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó lòdì sí i láti sọ ọ́. Oṣù méjì yẹn, bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí, àyà mi á já.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ńbà tí mo mọ̀ ló pè. Obìnrin Bódìjà ni. Mo ti múra láti bẹ̀ ẹ́, mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó dá mi dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti tán nínú òun tipẹ́, láfún lòun ń wá, pé ẹni tó ń kó o fún òun ti ṣíwọ́, ṣé mo lè máa fún òun ní àpò mẹ́wàá lóṣù? Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé e fún un. Ó ń dì í sínú náílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Láfún tí mo fọwọ́ ara mi rẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ sí Bódìjà lábẹ́ orúkọ Ajílété, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń ran ẹnu àpò náà.

Sàtífíkéètì ti dé báyìí. Mi ò gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún méje ni àkọ́kọ́ rẹ̀, bí mo bá tún un ṣe, ó di mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Mo ti fẹ́ máa kà á láti ọjọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́, lọ́yà ní rárá, ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, pé ó ti jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí à ń dúró. Mo mú ẹfun, mo kọ ọjọ́ tí ọdún méje yóò pé sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìlọta, mo sì kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ọmọ tó bá ń lọ nǹkan lọ́jọ́ náà lè pè mí.